Fíúsì Tí Kò Já Mọ́

Kí ojú yín tó kan Hidayah ní Òkè-Àgbò, òórùn kéèkì tó ń yan tà ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Nígbà tí gáàsì di ọ̀wọ́n, ó ra ófùn oníná, ó tún ra sítóòfù oníná olójú méjì. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí ò bi í.

Àmọ́ bó bá ti tan méjèèjì pọ̀, fíúsì á já. Bó bá wá ní kóun lọ aṣọ sí i, ẹ ò ní í gbọ́ ju "táà" lọ, ilé á ṣókùnkùn.

Wọ́n pe Zechariah, ọmọ Òde-Omi tó ń ṣiṣẹ́ iná ládùúgbò. Ó ní agbára tó ń ti iná lẹ́yìn ni fóltéèjì. Bí iná tó ń ṣàn nínú wáyà ṣe pọ̀ tó, ámpíà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Wáyà inú ògiri wọn, ámpíà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni agbára ẹ̀ mọ. Ó fi mítà há wáyà náà lọ́rùn nídìí fíúsì, ó tan ófùn àti sítóòfù, mítà sì ka ámpíà mẹ́tàlélógún kí fíúsì tó já.

"Ìyá Mukhtar," ló wí fún Hidayah, "bí ọkọ̀ ojú omi bá gba èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tẹ́ ẹ kó mẹ́tàlélógún sí i, tí awakọ̀ ní òun ò lọ, ṣé awakọ̀ lẹ máa bá jà?"

Ó ní kí wọ́n fa wáyà tó nípọn fún ófùn lọ́tọ̀. Hidayah rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ ni ọkùnrin náà ń wá. Fuad ọkọ ẹ̀, tó ń la pákó ní sọ́mìlì, ní fíúsì ọ̀hún ni ò lágbára. Ó tú wáyà bàbà àtijọ́, ó lọ́ ọ pọ̀ bí ẹni ń fi òwú dirun, ó fi rọ́pò wáyà tín-ín-rín inú fíúsì.

"Kó wá já ká rí i."

Kò já mọ́ lóòótọ́. Ẹ wo ìdùnnú! Àfi pé ọmọńlé tó máa ń rìn lára ògiri yàrá wọn kò wá síbẹ̀ mọ́. Òórùn kan ń yọ bí ìgbà tí òòyà onírọ́bà bá jóná, Hidayah sì rò pé kéèkì ni. Mukhtar, ọmọ oṣù mẹ́fà tí wọ́n ń tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọ̀hún, ń làágùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, kéèkì ìsọmọlórúkọ wà nínú ófùn, epo ń hó lórí sítóòfù. Hidayah lọ gbé ọmọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ gbóná lápá ibi ògiri. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn kíá, ó gbá ọmọ mọ́ra, ó sáré lọ pa iná gbogbo ilé.

Fuad pariwo láti pálọ̀ pé kó tan án padà, kéèkì ẹlẹ́kéèkì ò tíì jinná.

"Bàbá Mukhtar, wá gbé ọwọ́ lé ibi tọ́mọ gbórí sí."

Ó gbé e lé e. Òun fúnra ẹ̀ ló lọ pe Zechariah.

Zechariah dé, ó gbẹ́ ògiri. Rọ́bà ara wáyà ti yọ́ dànù, bàbà inú ẹ̀ hàn sóde, ó dúdú, ó lọ gbọọrọ lórí ibi tí irọ̀rí ọmọ máa ń wà. Fíúsì tí Fuad lọ́ ṣì wà pérépéré, nǹkan kan ò ṣe é. Zechariah gbé e lé Fuad lọ́wọ́.

Ẹni tó ni kéèkì dé, ó ń bínú. Hidayah ló ń bẹ̀ ẹ́. Fuad ti gbé ọmọ lọ síta, ó dúró sínú oòrùn. Wọ́n pè é títí pé kó wọlé wá jẹun, ó ṣáà ń fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó kọjú sí ògiri tẹ́lẹ̀.