Awọ Panla Lẹ́sẹ̀ Ketill

Ketill kì í fẹ́ kí ènìyàn bá òun sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Salvör ìyàwó rẹ̀ rí omi ọgbẹ́ nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ bá a nídìí kọfí. Obìnrin náà mú ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn náà wá láti ibi tó ti ń fọṣọ, ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo búrẹ́dì.

"Kí nìyí?"

"Ìbọ̀sẹ̀ ni."

"Mo mọ̀ pé ìbọ̀sẹ̀ ni. Bọ́ èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ."

"Jẹ́ kí n mu kọfí mi tán ná."

"Ketill, bọ́ ọ."

Ó bọ́ ọ. Salvör wá ìjókòó fún ara rẹ̀. Ihò kan wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ rẹ̀, lábẹ́ àtàǹpàkò, ó jìn, etí rẹ̀ funfun bí ọṣẹ tó ti pẹ́ nínú omi. Àtọ̀gbẹ ti pa ẹsẹ̀ Ketill kú tipẹ́, débi pé bí ó bá tẹ ìṣó mọ́lẹ̀, ojú ni yóò fi mọ̀. Bàtà rọ́bà ló bó o, ó sì ń rìn lórí rẹ̀ títí ó fi di kòtò. Nígbà tó rí i, ó fi aṣọ wé e, ó dákẹ́. Bó ṣe máa ń ṣe sí ohun gbogbo nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kò rí wé, tí kò sì lè dákẹ́ lé lórí: ọ̀rọ̀ Ingimar.

Òun àti Ingimar ló jọ ni ọkọ̀ ìpẹja kan rí ní Kaldavík, abúlé wọn, ọkọ̀ tí bàbá Ketill àti bàbá Ingimar jọ kàn. Ketill ló ń tù ú, Ingimar ló ń bójú tó ọjà. Ní Iceland, ọkọ̀ nìkan kọ́ ni ọrọ̀. Ẹ̀tọ́ ìpẹja tó so mọ́ ọn ni ọrọ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹja tí ìjọba gbà kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan pa lọ́dún. Ẹni tó bá ta ẹ̀tọ́ náà ti ta omi lábẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Nígbà tí àtọ̀gbẹ kọ́kọ́ dá Ketill wó, tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Reykjavík, Ingimar, tí ìpín tirẹ̀ pọ̀ jù nínú ọkọ̀, ta ọkọ̀ tẹ̀tọ́tẹ̀tọ́ fún ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní gúúsù. Ó san ìpín Ketill fún un pé pérépéré. Òfin kò rí nǹkan kan bá a wí. Ketill ti ọsibítù dé, ó gba èbúté lọ tààrà, ó bá okùn lórí òkúta, kò bá ọkọ̀.

Bí ẹ̀tọ́ ṣe lọ ni iṣẹ́ bá a lọ. Ilé-iṣẹ́ tí àwọn obìnrin ti ń gé ẹja tilẹ̀kùn, ilé-ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e, wọ́n sì fi pákó kan ojú fèrèsé ilé púpọ̀ pa. Ingimar fúnra rẹ̀ kó lọ sí Reykjavík. Ní Kaldavík, bí ẹnìkan bá fẹ́ bú ẹnìkejì ní ọ̀dàlẹ̀, kò ní wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Orúkọ Ingimar ti tó o.

Èyí tó wá dun Ketill jù ni pé ọkùnrin náà padà wá. Ó kó àwọn onímọ̀ díẹ̀ dání, ó ra ilé-iṣẹ́ ẹja tó ti dahoro, ó ní awọ panla lòún fẹ́ máa fi ṣe ìtọ́jú ọgbẹ́. Panla náà ni o, ẹja tí àwọn ará ibẹ̀ ń sá sórí igi, tó máa ń gbẹ kó tó dé ìkòkò ọbẹ̀ tiwa. Awọ tí wọ́n ti ń dà sómi fún ẹyẹ láti ayébáyé ni wọ́n wá ń fọ̀ nínú yàrá funfun, tí wọ́n ń fọ gbogbo ohun tó jẹ́ ti ẹja kúrò lára rẹ̀, títí yóò fi ku òwú rẹ̀ nìkan, bí àwọ̀n tí ó tín-ín-rín. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sójú ọgbẹ́, ẹran ara ènìyàn á máa gùn ún bí ewé iṣu ṣe ń gun igi. Wọ́n ń lo ti ẹlẹ́dẹ̀ àti ti màlúù bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, ṣùgbọ́n nítorí àrùn tí ẹran ọ̀sìn lè kó ran ènìyàn, oògùn líle ni wọ́n fi ń fọ ìyẹn. Awọ ẹja kì í jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀, òróró ara rẹ̀ sì ń kù sí i lára.

Àwọn tó ti ń fi Ingimar ṣépè tún lọ ń tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dagný, ọmọ kan ṣoṣo tí Ketill bí, wà nínú wọn.

"Ọ̀dọ̀ ta lo ní ò ń lọ ṣiṣẹ́?" bàbá rẹ̀ bi í.

"Ọ̀dọ̀ ẹni tó níṣẹ́, Bàbá."

Láti ọjọ́ náà ni Ketill kò ti bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ọmọ náà bá wá kí wọn ní ọjọ́ Ìsinmi, bàbá á bọ́ sẹ́yìnkùlé, sínú ahéré tí wọ́n ń sá ẹja sí, kò ní jáde níbẹ̀ títí yóò fi gbọ́ pé ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ ti lọ. Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Òtútù ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, síbẹ̀ ó fara dà á.

Ọgbẹ́ yìí kò fara dà á fún un. Dókítà ìlú tó wà lẹ́yìn òkè ha ẹran tó ti kú níbẹ̀ dànù, ó fún un ní oògùn, ó ní kó má tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, òjò yìnyín bẹ̀rẹ̀, ọgbẹ́ kò pa ẹnu dé. Dókítà wá sọ ọ́ láìfi bò: bó bá dé egungun, gígé ló kù, láti ìsàlẹ̀ orúnkún.

Hrefna, nọ́ọ̀sì tó ń wa ọkọ̀ láti abúlé dé abúlé, ló mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Ẹgbẹ́ Ketill ni, àga kan ni wọ́n jọ jókòó lé nílé-ẹ̀kọ́, kò sì bẹ̀rù rẹ̀ rí.

"Ọ̀nà kan ṣì kù," ó wí. "Awọ ẹja."

"Níbo lẹ ti ń rà á?"

"O mọ ibi tí à ń rà á."

"Ṣé kò sí níbòmíràn ni?"

"Ketill, ṣé ọgbẹ́ lò ń wò, àbí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù?"

"Kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà."

"Tó bá jẹ́ ti gígé ni, orí ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ọgbẹ́ tó wà níbẹ̀ jìn ju ti ẹsẹ̀ lọ."

Salvör kò yíjú kúrò nídìí ìkòkò ọbẹ̀ àgùntàn tó ń rò. "Jẹ́ kí wọ́n gé e, Hrefna," ó wí. "Ṣùgbọ́n kí ó gbọ́ tèmi kí wọ́n tó gé e. Mi ò ní torí Ingimar máa ti ènìyàn kiri lórí kẹ̀kẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e dé láìlẹ́sẹ̀, ọjọ́ yẹn ni mò ń lọ bá àbúrò mi ní Akureyri. Òun àti ìkórìíra rẹ̀, kí wọ́n máa se oúnjẹ fún ara wọn."

"Ò ń halẹ̀ mọ́ mi nìyẹn?" Ketill bi í.

"Ọkùnrin méjì ni mo ti ń bá gbé nínú ilé yìí láti ìgbà tí ọkọ̀ yẹn ti lọ. Ìwọ àti Ingimar. Ó ń bá wa jẹun, ó ń sùn láàárín wa. Ó ti sú mi."

Ketill gbé ojú sí fèrèsé, ó ń wo omi.

Nígbà tí Dagný dé ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bàbá rẹ̀ fẹ́ dìde lọ sí ahéré bí ìṣe rẹ̀. Ẹsẹ̀ kò gbà fún un. Ó di ọwọ́ àga mú, ó dìde dé ìdajì, ó tún padà jókòó.

"Ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́, Bàbá," ni Dagný wí. "Lónìí, ẹ ò ríbi sá sí."

Ketill kọjú sí Salvör. "Sọ fún ọmọ rẹ pé mi ò ní fi Ingimar di ojú ọgbẹ́ mi."

"Etí mi ò di," ọmọ náà dá a lóhùn. "Ingimar ò fọwọ́ kan awọ kankan rí. Òkè ló wà tó ń bá àlejò mu kọfí. Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́. Ṣé ọwọ́ tèmi náà ti di ti Ingimar ni?"

Bàbá rẹ̀ yíjú sí fèrèsé.

"Apẹja lẹ pe ara yín, ẹ ò sì bi mí ní ohun tí apẹja ń bèèrè."

Ketill fọhùn, ojú rẹ̀ ṣì wà lójú fèrèsé.

"Ta ló pa ẹja náà?"

"Ọkọ̀ kékeré kan láti abúlé ẹ̀yìn òkè. Ìwọ̀ ni wọ́n fi pa á."

"Apá ibo?"

"Ìta ẹnu ọ̀sà wa níbí. Ibi tí ẹ̀yin náà máa ń lọ."

Ketill mi orí díẹ̀. "Kí Hrefna máa bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má bá mi mú ìkíni ọkùnrin yẹn wọlé."

Bí ìbínú ṣe gbà nìyẹn, kì í ṣe pé ó lọ. Nígbà tí Hrefna tú awọ náà jáde, tí ó gbẹ ganganran, tí ojú ìpẹ́ ṣì hàn lára rẹ̀, Ketill wò ó bí ẹni tó rí ejò. Hrefna fi omi rẹ̀ ẹ́, ó rọ̀, ó gé e bá ojú ọgbẹ́ mu, ó tẹ́ ẹ sí i, ó fi báńdéèjì dì í. Ketill kò wí nǹkan kan bí kò ṣe pé ó ń rùn. "Kò rùn rárá," Hrefna wí, "imú rẹ ló ń jà." Nígbà tí wọ́n tú u wò, awọ náà ti yọ́ bí àtè, èyí tó kù lójú ọgbẹ́ kò tó nǹkan. Ó tún fi òmíràn lé e. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn nínú òkùnkùn ọjọ́ kúkúrú ibẹ̀, ihò náà sì ń kún láti ìsàlẹ̀ wá, ó pupa, ó ń dán.

"Níbo ni awọ náà ń lọ?" ni Ketill bèèrè lọ́jọ́ kan.

"Kò lọ síbì kankan. Ó ti di ara rẹ."

Inú rẹ̀ kò dùn sí ìdáhùn náà. Gbogbo ìgbà òtútù ló fi ń ronú pé ohun tó jáde láti ilé ọ̀tá òun ti wọnú ẹran ara òun lọ, kò sì sí ọ̀bẹ tó lè yọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n kò tún ní kí wọ́n má fi í sí i.

Nígbà tí yìnyín yọ́ kúrò lójú ọ̀nà, ọgbẹ́ ti jinná. Dókítà ní ó lè wọnú omi. Ìrọ̀lẹ́ náà gan-an ni Ketill lọ sí ibi omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀, níbi tí gbogbo abúlé ti ń jókòó sínú omi dé ọrùn, tí wọ́n ń bú ìjọba. Ingimar wà níbẹ̀. Ketill rí i, kò padà. Ó wọ inú omi ní ọ̀kánkán rẹ̀.

"Ketill," ni Ingimar wí, "wọ́n ní ẹsẹ̀ ti san. Mo yọ̀ fún ọ. Àwọn àlejò kan ń bọ̀ láti Jámánì wá wo iṣẹ́ wa. Bí o bá lè yọjú kí wọ́n rí i, ká ya fọ́tò díẹ̀."

Ketill gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ jáde kúrò nínú omi, ó nà án síwájú, kò jìnnà sí ojú Ingimar.

"Wò ó dáadáa, torí o ò tún ní rí i mọ́. Ẹja ló wò mí sàn. Òkun ló ni ẹja. Ọmọ mi ló fọ̀ ọ́, Hrefna ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ìwọ dà níbẹ̀?"

"Èmi ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bí mi ò bá padà wá síbí, inú ìdọ̀tí ọsibítù lẹsẹ̀ yẹn ì bá wà báyìí."

"O tinábọ ilé wa, o wá ń ta omi. Kí n wá máa dúpẹ́ omi?"

"Ara rẹ ò yá nígbà náà. Ta ni ì bá tu ọkọ̀?"

"O ò bi mí."

"Bí mo bá bi ọ́, kí lò bá wí?"

"Ǹ bá ní rárá. Ìdí nìyẹn tí o ò fi bi mí."

Ingimar dìde nínú omi, ara rẹ̀ pupa fún ooru, ó mú aṣọ ìnura, ó bá tirẹ̀ lọ. Obìnrin arúgbó kan bèèrè bóyá atẹ́gùn yóò wà lọ́la.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí Dagný kí bàbá rẹ̀ tó délé. Ó wọlé tìbínú tìbínú. "Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ yín polówó ọjà," ó wí. "Mò ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Lọ́la ni mo máa sọ fún un."

"Má fi í sílẹ̀."

Ọmọ náà wò ó. "Ẹ̀yin lẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì nítorí pé mi ò fi í sílẹ̀."

"Mo rò nígbà yẹn pé tirẹ̀ ni iṣẹ́ náà." Ketill ń fi òòlù lu ẹja gbígbẹ kó lè rọ̀, kò gbé ojú sókè. "Ó ti gba ọkọ̀. Bí o bá kúrò, á tún gba awọ. Dúró síbẹ̀. Kọ́ gbogbo ẹ̀ títí dé ìdí. Lọ́jọ́ tó bá tún fẹ́ tà á fún àwọn ará gúúsù, kí ẹnìkan tó jẹ́ tiwa wà nínú yàrá, kó bá a wí."

"Ṣé ẹ ti wá dárí jì í nìyẹn?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Ó ti ẹja àti bọ́tà sí iwájú ọmọ rẹ̀. Wọ́n jẹun. Salvör gbé kọfí wá, ó jókòó sáàárín wọn, kò sọ̀rọ̀ Akureyri mọ́.

Dagný ṣì wà níbi iṣẹ́ náà. Ó ti kúrò nídìí awọ fífọ̀, òun ló ń darí àwọn tó ń fọ̀ ọ́. Bí Ketill àti Ingimar bá sì pàdé lójú ọ̀nà èbúté, ọ̀kan á wo òkè, ìkejì á wo omi, wọ́n á kọjá lára wọn.