Ẹni Tí Ọmọ Mi Kí Káàbọ̀

Ẹ má sọ pé àlá ni mo lá. Mo mọ àlá. Ẹni tó lá àlá kì í rántí àwọ̀ ife omi àti ìhà tí ilẹ̀kùn ṣí sí, èmi sì rántí méjèèjì. Aṣọ ni mò ń rán ní Arákálẹ̀, ní Àkúrẹ́ níbí, ó sì ti mọ́ mi lára kí n máa wo nǹkan fínnífínní. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i. Ọmọ mi ló sì kàn, torí náà mi ò lè fi ṣeré.

Mofẹ́ lorúkọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún méje ni, òun nìkan sì ni Ọlọ́run fún mi. Bó bá wúkọ́ lásán, ọwọ́ mi ti wà lọ́rùn rẹ̀, mò ń wò ó bóyá ara rẹ̀ gbóná. Ẹ̀kọ́ ilé ni mo fi tọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, Mofẹ́ ti kúnlẹ̀: "Ẹ káàbọ̀ sà." "Ẹ káàbọ̀ mà." Gbogbo àdúgbò ló ń yìn ín. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo bẹ̀ yín.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, nígbà tí ọyẹ́ ń mú gan-an, Màmá Oǹdó pè mí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Oǹdó ló ń gbé, la fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, kí n wá gbé òun lọ sí abúlé wa fún ìrántí àwọn ọmọ ogun. Mo gba mọ́tò lọ́wọ́ bàbá Mofẹ́, mo gbé ọmọ jókòó sẹ́yìn mọ́tò, ó di Oǹdó.

Abúlé náà wà nínú oko kòkó lẹ́yìn Bọ́lọ́rundúró. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ilé ibẹ̀ kò pọ̀ rárá. Síbẹ̀, nígbà ogun Hítílà, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ló ti ibẹ̀ lọ jagun ní Bọ́mà, ilẹ̀ tí wọ́n ní òjò kì í dá, kò sì sí èyí tó padà. Akínṣọlá, ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí ìyá mi, wà nínú wọn. Kò tíì níyàwó, kò tíì bímọ.

Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, bí èèyàn bá kú sọ́nà jíjìn tí a kò rí òkú rẹ̀ gbé wálé, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ là ń mú wá, àwọn la ó sin. Ti àwọn mẹ́ta yìí, ìròyìn nìkan ló dé. Irun kò dé, èékánná kò dé. A ò rí nǹkan kan sin.

Ìdí nìyẹn tí abúlé wa fi ń gbé ife omi mẹ́ta síta lẹ́nu ọ̀nà ilé wa lọ́dọọdún, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìrántí. Àwọn ará ilé àwọn méjì yòókù ti tú ká, ilé wa nìkan ló kù. A ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, a ó jókòó sínú ilé jẹ́ẹ́, títí agogo ṣọ́ọ̀ṣì yóò fi dún.

"Bó o bá gbọ́ ẹsẹ̀," Màmá Oǹdó wí fún mi nínú mọ́tò, "'Ẹ kú ìrìn' ni kó o wí. Wọ́n á mumi, wọ́n á kọjá. Má wí pé 'Ẹ káàbọ̀' o. Ẹni tí wọ́n bá kí káàbọ̀ ti délé nìyẹn. Ibo ló tún kù tó máa lọ?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé ẹ ti gbọ́ ẹsẹ̀ wọn rí?"

"Wo iwájú rẹ, aláròyé, kó o má bàa sọ wá sí kòtò."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Mo ní kí Mofẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà wí. "Ẹ kú ìrìn," ó wí. Mo ní kó tún un wí títí a fi dé abúlé. Ẹ gbà mí gbọ́, mo kìlọ̀.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Kùrukùru ọyẹ́ bo àwọn igi kòkó, oòrùn rọra pọ́n lẹ́yìn wọn bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Àwọn ife náà jẹ́ ife tánńganran funfun, wọ́n tò sórí àtẹ̀gùn. A jókòó lórí ẹní. Mofẹ́ gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, ó sùn lọ. Gbogbo nǹkan ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àfi bí ẹni pé inú omi la wà.

Mo wá gbọ́ òórùn òjò.

Òjò, nínú ọyẹ́! Kì í ṣe òjò tó kàn pa eruku lásán. Òjò ńlá ni, èyí tó ti ń rọ̀ sórí ewé tipẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ nínú eruku, gbogbo rẹ̀ ń balẹ̀ pọ̀. Ewúrẹ́ tó sùn sójú ọ̀nà dìde, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, bó ṣe máa ń yà fún èèyàn.

"Ẹ kú ìrìn o," Màmá Oǹdó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ kú ìrìn," mo sọ tẹ̀lé e.

Omi lọ sílẹ̀ nínú ife kan. Ó lọ sílẹ̀ nínú èkejì. Ẹsẹ̀ kọjá lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó kéré sí mi. Ọmọdé ni! Láti kékeré tí mo ti ń gbọ́ orúkọ Akínṣọlá, arúgbó ni mo ń fọkàn rò. Ọmọ tí irùngbọ̀n kò tíì kún ni mo rí, ó wọ ṣòkòtò péńpé kákí, omi ń ro lára rẹ̀ tótótó. Ètè ìyá mi ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Mofẹ́ lajú. Ó rí àlejò. Kó tó ronú, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ sà."

Màmá Oǹdó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹnu ti ara rẹ̀ ni o.

Àlejò náà rẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ dà bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú àmù. "Ṣé ọmọ ilé yìí ni ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Màámi ńkọ́?"

Mofẹ́ wò mí. Mo fẹ́ fà á mọ́ra, ọwọ́ mi kò gbé. Àlejò gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó di ọwọ́ ọ̀tún ọmọ mi mú.

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ tutù. Lórí àtẹ̀gùn, ife kẹta ṣì kún dẹ́nu.

Mo gbé Mofẹ́, mo tú gbogbo ara rẹ̀ wò. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tutù bí omi àmù, ó sì dì í pa. Mo là á. Àkísà kákí ni, wọ́n ta á ní kókó. Mo mọ aṣọ; kákí tó nípọn báyẹn kò sí lọ́jà Àkúrẹ́ mọ́. Mo tú kókó náà. Irun ló wà níbẹ̀, àti èékánná.

"Wọ́n ní kí n bá àwọn sin ín," Mofẹ́ wí. "Wọ́n ní ó ti rẹ àwọn."

Màmá Oǹdó bú sẹ́kún. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọkọ́, kí n gbẹ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó di apá mi mú.

"Ìwọ kọ́ ló gbé e lé lọ́wọ́."

"Kí Mofẹ́ sin ín náà, ká máa lọ!"

"Akínṣọlá kò bímọ," ó wí jẹ́jẹ́. "Àwọn àgbà ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Bí Mofẹ́ bá sin ín, ó ti di bàbá ọmọ nìyẹn. Ṣé bàbá kì í wá mú ọmọ rẹ̀ ni?"

"Bí kò bá sin ín ńkọ́?"

"Wọ́n ti kí i káàbọ̀. Á máa dúró."

Bó ṣe rí títí dòní nìyẹn. Àkísà náà wà nínú ilé mi. Mi ò ní sọ ibi tí mo fi í sí. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, òórùn òjò á gba pálọ̀ wa, kódà bí páànù òrùlé gbẹ táútáú. Mofẹ́ á bu omi sínú ife, á gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Pásítọ̀ wa ti gbàdúrà, omi náà ṣì ń lọ sílẹ̀. Ọmọ náà kò ṣàìsàn, ó ń jẹun, ó ń ṣeré. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn nìkan ni. Mo ti fi òrí pa á títí, kò móoru.

Nígbà mìíràn àánú àlejò yẹn a ṣe mí. Ìyá kan ló bí òun náà, ìyá yẹn sì wojú ọ̀nà títí ó fi kú. Bó bá jẹ́ Mofẹ́ ló kú sínú òjò ilẹ̀ àjèjì ńkọ́? Màá sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà màá dìde, màá ti ilẹ̀kùn.

Ọyẹ́ tún ti ń bọ̀. Màmá Oǹdó pè, ó ní kí ni mo ti rò. Mi ò tíì rí nǹkan kan rò. Níjẹta, bí mo ti ń di irun Mofẹ́, ó bi mí pé, "Mọ́mì, tí mo bá sin wọ́n, ṣé ẹ̀yin náà lẹ ṣì máa ni mí?"

Mo dì í mọ́ra. Lẹ́yìn náà mo parí irun rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ, ẹ kọ́ wọn ní ìkíni, ó dára. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ àlejò. Bí ọyẹ́ bá ń mú, tí eruku gba gbogbo ọ̀nà, tí ẹsẹ̀ àlejò sì ń ro omi, "Ẹ kú ìrìn" ni kí wọ́n wí. Kí wọ́n má fi nǹkan kan kún un.