Epo Ẹja Orúnkún Mi

Nígbà tí Kàbà ṣì wà lábẹ́ Kwara, dókítà kan ní ọsibítù wa ń ṣèwádìí bóyá epo ẹja lè dín ìrora oríkèé kù. Ó fún àwa tí orúnkún ń dùn ní kóró oògùn tí epo náà wà nínú rẹ̀, ó ní ká máa gbé e mì. Èmi olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, mo ní ta ló ń gbé epo orúnkún mì? Ṣebí òrí la fi ń ra tiwa. Mo ń fi abẹ́rẹ́ lu kóró náà, mo ń fi epo rẹ̀ ra orúnkún. Ológbò wa, arúgbó tó ń tiro, á wá lá a mọ́ tónítóní.

Lọ́jọ́ tí dókítà pè wá padà, orúnkún mi ṣì ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo rí. Ìyàwó mi ní ológbò ló yẹ kí n mú lọ. A wá a títí. Ó wà lókè àjà, ó ń lé eku.