Àgbọn Tí Mo Dá Padà

Òórùn èèpo àgbọn tó ń jóná kò jọ òórùn mìíràn. Bí o bá ti gbé létí ọ̀sà Àgbádárìgì rí, ìwọ náà mọ̀ ọ́n: ó dùn díẹ̀, ó ń ta sí imú díẹ̀, bó bá sì ti wọ aṣọ, aṣọ náà yóò rí omi lẹ́ẹ̀mejì kó tó kúrò. Èèpo yìí làwọn obìnrin Ajido fi ń yan ẹja, òun náà ni màámi fi ń dáná nígbà tí a ṣì ń rí i kó lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ilé wa. Ẹlòmíràn á gbọ́ òórùn náà, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ní tèmi, ojú ló máa ń tì mí. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ báyìí, ojú ṣì ń tì mí.

Ilé wa kò jìnnà sí títì ní Gbaji. Igi àgbọn méjìlá ló wà láàárín ilé àti omi, bàbá mi ló sì gbin gbogbo wọn lọ́dún tí wọ́n gbé màámi níyàwó láti Topo, ní òdìkejì ọ̀sà. Bí àgbọn bá já, à ń gbọ́ ọ láti inú yàrá, gbì, lórí iyanrìn. Nígbà tí bàbá mi wà láyé, àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa ń lọ he é. Lẹ́yìn ikú wọn, bí àgbọn bá ti já, màámi á gbé orí sókè, wọ́n á ní, "Bàbá ẹ ń kí wa." Ọmọ ìjọ Àgùdà ni màámi. Lọ́dọọdún, bí Ọjọ́ Ẹtì Rere bá dé, àwọn àgbọn tó já wọ̀nyẹn ni wọ́n fi máa ń se fréjọ̀n: wọ́n á se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á fún omi àgbọn sí i, wọ́n á sì máa rò ó lórí iná títí apá yóò fi máa ro wọ́n. Gbogbo ọmọ àdúgbò, ti Mùsùlùmí àti ti onígbàgbọ́, ló máa ń gbé abọ́ wá. Màámi kì í ṣe ẹni tí àwọn èèyàn ń wárí fún, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn lọ́dún, ẹni ńlá ni wọ́n.

Òkú bàbá mi ló kó wa sí gbèsè. Kì í ṣe àìsàn wọn o. Àìsàn náà kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, a sì rí owó rẹ̀ san. Ìsìnkú ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi kóra jọ sí pálọ̀ wa, wọ́n ní a kò lè sin àbúrò àwọn bí ẹni sin adìyẹ. Wọ́n fẹ́ màlúù méjì. Wọ́n fẹ́ pósí onídígí. Nígbà tí owó kò tó, ọ̀kan nínú wọn yọjú lójú fèrèsé, ó rí igi àgbọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti fi igi méjèèjìlá dógò lọ́dọ̀ Àlàájà, obìnrin tó ń kó àgbọn jọ létí títì, tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó wọn lọ sí Òjó. Màámi ni wọ́n ní kó tẹ̀ka sí ìwé náà. Àwọn tó jẹ màlúù kò tẹ ìka kankan.

Èmi nìkan lọmọ tí wọ́n bí, èmi ni mo sì kàwé, nítorí náà èmi ni mo gbé ìwé náà pa mọ́ sínú àpò. Mo kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí. Èso igi ni èlé lórí owó náà. Owó gan-an, àfi ká san án pé. Bí ọdún mẹ́ta bá pé tí a kò tíì san án tán, igi di ti Àlàájà pátápátá. Èso yòówù, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n ká, ìbáà jẹ́ èyí tó já fúnra rẹ̀, ti Àlàájà ni. Bí ará ilé bá fọwọ́ kàn án, àdéhùn ti bàjẹ́ nìyẹn. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù.

Bí mo ṣe di ọ̀tá owó níná nìyẹn. Tíṣà ni mí nílé ẹ̀kọ́ aládàáni kan, owó oṣù mi kò sì tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo mọ bí a ti ń gé nǹkan kúrò. "Kò pọn dandan" di ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Wàrà inú tíì, kò pọn dandan. Ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́, kò pọn dandan, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ń bẹ. Bàtà tuntun, kò pọn dandan, mo gbé ti àtijọ́ fún aránbàtà nígbà mẹ́rin. Màámi ní àbúrò obìnrin kan ní Topo tí wọ́n máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kí lóṣooṣù. Mo ní kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nígbà tó yá, mo ní owó ìpè ti pọ̀ jù, kí wọ́n máa ṣe fíláàṣì. Láràárọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí nínú àwọn arúgbó méjèèjì á pe èkejì, á sì gé e kí owó tó lọ, ohun tí wọ́n sì fi ń mọ̀ pé àwọn ṣì wà láàyè nìyẹn. Mo mọ ohun tí wàá sọ. Wàá ní gbèsè ni, wàá ní ẹni tó ń san gbèsè kì í ṣe fàájì. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi nígbà yẹn, inú mi sì ń dùn sí ara mi gan-an.

Ní Ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, màámi wá bá mi níbi tí mo ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. "Ovi ṣie," ni wọ́n wí. Bí wọ́n ṣe ń pè mí lọ́mọ wọn lédè Ègùn nìyẹn bí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀. "Ẹtì Rere ti dé tán. Tóo bá lè bá mi ra àgbọn mélòó kan lọ́wọ́ Àlàájà."

Mo ní, "Màámi, ká máa fowó ra àgbọn tí bàbá mi gbìn? Kò pọn dandan."

Wọn kò bá mi jiyàn. Ẹ̀wà elépo la jẹ lọ́dún náà. Àwọn ọmọ àdúgbò gbé abọ́ wá bí ìṣe wọn, màámi ló sì jáde sí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ ohùn wọn láti inú ilé, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan pé kò sí, pé kí wọ́n kí ìyá wọn.

Ọdún kejì, owó náà kù díẹ̀ kó pé. Atẹ́gùn líle kan jà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ẹtì Rere. Mo dé láti ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo ṣí àpótí aṣọ màámi láti mú aṣọ ìnura, mo bá àgbọn kan tí wọ́n wé sínú aṣọ ìbora bàbá mi àtijọ́. Iyanrìn ṣì wà lára rẹ̀. N kò rí àgbọn níbẹ̀ o, ìwé inú àpò mi ni mo rí. Mo rí ọdún méjì tí mo ti ń fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn, mo rí igi méjìlá tó ń lọ.

"Màámi, kí lèyí?"

"Ó já ni. Ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ló já sí. Mi ò ká a, ovi ṣie, ó já fúnra ẹ̀." Wọ́n di ọwọ́ méjèèjì mú sẹ́yìn nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe máa ń ṣe.

Mo lè fi àgbọn yẹn sílẹ̀ níbẹ̀. Mo lè gbé e padà sábẹ́ igi láìsọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ìbínú ẹni tó rò pé òun nìkan ló ń jìyà nínú ilé. Mo gbé e fún màámi, mo ní kí wọ́n máa bọ̀, mo sì ṣáájú lọ sọ́dọ̀ Àlàájà létí títì.

Àlàájà jókòó láàárín òkìtì àgbọn, àwọn oníbàárà mẹ́rin tàbí márùn-ún sì wà níbẹ̀. Mo kí wọn, mo kúnlẹ̀ pàápàá. Mo wá fi ohùn tíṣà sọ ọ́ ketekete pé màámi mú àgbọn kan, pé a ti gbé e wá, kí wọ́n má torí ẹ̀ sọ pé àdéhùn bàjẹ́. Ẹnì kan nínú àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Àlàájà náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n rí ojú màámi lẹ́yìn mi, ẹ̀rín náà sì kú lẹ́nu wọn.

"Tíṣà," ni Àlàájà wí, "ta ló ń kàwé fún àgbọn tó já? Èyí tó bá já, ti onílé ni. Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é níbí kí wọ́n tó bí ẹ. Ṣé èmi ló kọ ìwé yẹn ni? Èmi ò mọ̀wé. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ ló kọ ọ́." Wọ́n yíjú sí màámi. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé e lọ sílé. Ẹ mú méjì sí i."

Màámi bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé àgbọn náà lé orí òkìtì, jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin sílẹ̀. "Ẹ ṣeun, Àlàájà," ni wọ́n wí. "Ọmọ mi ti sọ̀rọ̀."

A jọ rìn padà sílé. Lọ́jọ́ Ẹtì Rere, màámi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dé, wọ́n sùn. Kò sí ọmọ kankan tó gbé abọ́ wá.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo san owó náà tán. Àlàájà fa ìwé náà ya lójú mi, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi. Mo wá ẹni tó gun igi, mo kó àgbọn mẹ́wàá síwájú màámi nínú ilé ìdáná, mo ní, "Ẹ wò ó, tiwa ni. Ẹ fi se ohun tó bá wù yín."

Wọ́n fọwọ́ kan ọ̀kan, wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì. "Tà á," ni wọ́n wí. "Owó ni."

Mo rò pé ìbínú ni, pé yóò lọ. Kò lọ. Tí mo bá fẹ́ ra aṣọ fún wọn, wọ́n á ní kò pọn dandan. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ sí Topo, wọ́n ní àbúrò àwọn ti ṣe fíláàṣì láàárọ̀. Lóṣù tó kọjá, mo ṣàkíyèsí pé apá kan ẹnu ni wọ́n fi ń jẹun. Nígbà tí mo fi máa gbé wọn dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín, eyín náà ti rà dé ìdí, ìrora rẹ̀ sì ti lé lóṣù mẹ́fà. Mo bi wọ́n léèrè ohun tó dé tí wọn kò sọ fún mi. Wọ́n wò mí bí ẹni pé ó yẹ kí n mọ̀. Ṣé o rí i, n kò lè dá àwọn tó jẹ màlúù lẹ́bi èyí. Èmi ni mo kọ́ màámi, tíṣà rere sì ni mí.

Àgbọn kan já lánàá lọ́sàn-án, bí mo ṣe ń gbé àpò mi sílẹ̀. Gbì. Mo dúró, mo ń retí kí màámi gbé orí sókè. Wọ́n dìde, wọ́n lọ he é, wọ́n sì tò ó mọ́ àwọn yòókù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri de ẹni tó máa wá rà á. Igi bàbá mi pé méjìlá lẹ́yìn ilé, kò yẹ̀. Ẹni tí mo torí rẹ̀ gbà wọ́n padà kò tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ mi mọ́ láti ọjọ́ tí a dá àgbọn yẹn padà.