Orúkọ Tí Wọ́n Ń Pè Lẹ́nu Géètì

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ ìtàn àròsọ kan tí kò parí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òǹkọ̀wé ńlá kan ló ń sọ̀rọ̀. Olùkọ́ Yorùbá ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ọ̀tà, níbi tí wọ́n ti ń fi ọmọ tó bá sọ Yorùbá kúnlẹ̀, tí wọ́n sì gbà mí síṣẹ́ pé kí n máa kọ́ wọn ní Yorùbá. Àwọn àgbà ní ọmọ àlè ní í rínú tí kì í bí. Èmi kì í ṣe ọmọ àlè, mo sì ti ń bínú tipẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, olóòtú ìwé àtìgbàdégbà kan tó ń tẹ ìtàn Yorùbá jáde kọ̀wé sí mi lórí fóònù. Ẹnì kan ló sọ fún un pé mo ń kọ nǹkan. Ó ní kí n fi orí kan ṣọwọ́ sí òun, ìwé náà ì báà má tíì parí. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni mo fi orí keje ránṣẹ́, n kò bi ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kẹta ó fèsì pé òun kà á lẹ́ẹ̀mejì, pé òun fẹ́ kó jáde nínú èyí tó ń bọ̀, kí n kàn fọwọ́ sí i, ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ Ẹtì. Inú mi dùn débi pé mo sọ fún aládùúgbò mi tó ń ta ọṣẹ, ẹni tí kò bi mí léèrè. Ayọ̀ náà kò pé wákàtí kan tí mo fi rántí ẹni tó ni orí keje.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ín. Ọdún tó yẹ kó ṣe ìdánwò àṣejáde ni bàbá wa kú, kò sì padà sílé-ẹ̀kọ́ mọ́. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n ìyá wa, tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣe tirẹ̀, ó yege, ibà sì pa á lọ́dún kejì. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ oníke kan ní Sango ń gba òṣìṣẹ́, tí wọ́n ní ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí kó má wulẹ̀ yọjú, ìyá ọmọ náà, ẹ̀gbọ́n ìyá wa, wá láti Adó-Odò, ó sì gbé ìwé ẹ̀rí ọmọ rẹ̀ tó wà nínú ọ̀rá lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Gbà á. Ẹni tó ni ín ò lò ó. Kó má ṣòfò."

Láti ọjọ́ náà, orúkọ ọmọ tó kú ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi níbi iṣẹ́, tó sì ń jẹ́ ẹ. Kì í ṣe òun nìkan. Bí gbogbo ẹni tó ń fi ìwé ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ ní Sango àti Agbára bá jókòó sílé lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ púpọ̀ ni kò ní rí ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ni ohun tí ẹ̀gbọ́n ìyá wa wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, yóò wọ mọ́tò láti Adó-Odò, yóò wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ilé-iṣẹ́ náà ní aago méjì ọ̀sán tí àwọn tó ṣiṣẹ́ àárọ̀ ń jáde. Kò wá tọrọ nǹkan kan. Ó ń dúró kí àwọn obìnrin tó ń bá ẹ̀gbọ́n mi ṣiṣẹ́ máa pè é láti ẹ̀yìn, pé lágbájá dúró dè mí, lágbájá o gbàgbé ìborí ẹ. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ló ń wá gbọ́. Bí wọ́n bá ti pè é bí ẹ̀ẹ̀mẹta, yóò gbé gààrí tó mú wá fún ẹ̀gbọ́n mi, yóò sì padà sílé. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìyá lágbájá, ìyá ẹni tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, ló máa ń pè é, kò sì parọ́. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn títí tó fi kú lọ́dún méjì sẹ́yìn.

Ohun tó wà nínú orí keje nìyí. Orúkọ nìkan ni mo yí padà. Nígbà tí ẹ̀rù wá bà mí, mo jókòó láti tún un ṣe. Mo sọ ìyá náà di bàbá, mo sọ ilé-iṣẹ́ oníke di ilé ìwòsàn, mo kó gbogbo wọn lọ sí ìlú tí n kò dé rí. Ìtàn náà kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo dá a padà bó ṣe wà, mo sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti gba géètì yẹn jáde rí yóò mọ ẹni tí mo ń wí kó tó ka ojú ewé kan tán. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sì í ṣe kájúà níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi, ó sì ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Bí àṣírí bá tú, wọ́n á lé e lọ́wọ́ òfo. Iṣẹ́ yìí kan náà ló fi rán mi lọ sí yunifásítì, níbi tí mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìtàn àròsọ.

Mo tan ara mi díẹ̀. Mo ní ta ló tún ń ka Yorùbá láyé ìsinsìnyí? Èmi tí mo ń bínú sí gbogbo ayé pé wọn kò ka Yorùbá ni mo wá ń gbàdúrà pé kí wọ́n má kà á. Ìwà burúkú ni, mo mọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ bá a nínú yàrá tó háyà lẹ́yìn ibùdókọ̀ Jojú. Ó ń fọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ ka nǹkan kan fún yín."

"Ṣé èyí tóo ti ń kọ látayé Nóà yẹn?"

"Òun ni. Wọ́n fẹ́ gbé apá kan jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wà nínú ẹ̀."

"Ó dáa, kà á."

Mo kà á. Ó ń fọṣọ lọ títí mo fi dé ibi tí ìyá náà ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ọwọ́ rẹ̀ wá dúró sínú omi ọṣẹ. Nígbà tí mo kà á tán, ó fi apá nu ojú.

"Bó ṣe máa ń dúró gan-an nìyẹn," ó ní. "O kọ ọ́ dáadáa. Àmọ́ wọ́n lè tìtorí ẹ̀ lé mi o."

"Mo mọ̀, mà."

"O mọ̀, o sì ti fi ránṣẹ́."

"Mi ò tíì fọwọ́ sí i."

Kò bú mi. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọṣọ, ó wá bi mí bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà. "Kí ló máa wá ṣẹlẹ̀ sí obìnrin tó ń lo ìwé ẹ̀rí yẹn níparí? Ṣé wọ́n máa mú un?"

Ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí mo ti kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fi ń kọ ìtàn náà pé wọ́n pe obìnrin náà sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Gbólóhùn kan ṣoṣo náà ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ kọ èyí tó tẹ̀ lé e ni ọwọ́ mi ń kọ̀. N kò mọ bí yóò ṣe dúró níwájú wọn, n kò mọ orúkọ tí yóò jẹ́.

Ó wo ojú mi, ó sì rí i níbẹ̀.

"Ìdí tí kò fi parí nìyẹn," ó ní. "O ò mọ bó ṣe máa rí. O ń dúró kí wọ́n mú mi, kóo tó kọ ọ́."

Ó fún aṣọ, ó sá a sórí okùn. Ó ní bí mo bá fẹ́ gbé e jáde, kí n gbé e jáde, òun ò ní sọ pé kí n má ṣe é. Ì bá sàn kó gbá mi létí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo kọ̀wé sí olóòtú pé n kò ṣe mọ́. Ewì kan tó ń sọ bí èdè Yorùbá ṣe dùn tó ni wọ́n fi dí àyè mi. Àwọn méjì tí mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún yìn mí pé àbúrò rere ni mí. Mo jẹ́ kí wọ́n yìn mí, inú sì ń bí mi sí ara mi bí wọ́n ṣe ń yìn mí.

Lóṣù tó kọjá, ìpè ẹ̀gbọ́n mi wọlé ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, àsìkò tí kì í pè, torí wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mú fóònù wọlé síbi iṣẹ́. Mo wà ní kíláàsì, mo sì rò pé wọ́n ti mú un. Kí n tó gbé e, mo ti ṣí ẹ̀yìn ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ mi síbi tó mọ́, mo sì ti fa báírò yọ. Ó ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́ tí wọ́n fi ní kí àwọn máa lọ sílé, ó wá ní kí òun kí mi, ṣé mo ti jẹun láàárọ̀. Mo ní mo ti jẹun. Báírò ṣì wà lọ́wọ́ mi.