Orúkọ Tí Mo Pè Láàárín Ìdákẹ́jẹ́

Oko ni mo wà, mo ń kọ ebè, lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá ìjọba Faransé wọ Kétu láti kó ọmọkùnrin lọ sí ogun àgbáyé kejì. Àkànjí, ọ̀rẹ́ mi, ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ebè mi wọ́. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n kó àwa méjèèjì. Inú poro ni mo ju ọkọ́ mi sí.

Ọkọ̀ ojú omi gbé wa dé ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi tí ẹ ń wo ogun nínú tẹlifíṣàn, ariwo ìbọn ńlá a máa mi eyín lẹ́nu ẹni. Ebi pa wá títí a fi jẹ ọ̀dùnkún láìsè, tòun ti yẹ̀pẹ̀. Ohun kan tó dára lára wa ni kóòtù nínípọn tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun Faransé.

A lé ọ̀tá sẹ́yìn. Bí òtútù ṣe ń bọ̀, àwọn ọ̀gá ní kí àwa dúdú bọ́ kóòtù wa fún àwọn ọ̀dọ́ Faransé, àwọn ni yóò parí ogun. Ikọ́ ti ń yọ Àkànjí lẹ́nu.

Ó bi ọ̀gá pé, "Ṣé òtútù ò mọ ilé èèyàn dúdú ni?"

Wọ́n bọ́ kóòtù náà kúrò lára rẹ̀. Ibùdó tí a ti ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wa padà ló kú sí.

Ó tó nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà kí n tó wá bá Fọlákẹ́ ọmọ mi gbé ní Houston, ní Amẹ́ríkà. Olùkọ́ èdè Faransé ni. Ó mú mi lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń so àwọn Faransé àti Amẹ́ríkà pọ̀ lọ́rẹ̀ẹ́. Alága ń yin oúnjẹ àti aṣọ tí Amẹ́ríkà fi ran Faransé lọ́wọ́ nígbà ogun. Inú bí mi. Ó ní ká dìde nítorí àwọn tó kú. Gbogbo wọn tẹrí ba, wọ́n dákẹ́. Mo ń retí ẹni tí yóò pe òkú, torí lọ́dọ̀ tiwa, oríkì la fi ń yẹ́ òkú sí, a kì í panu mọ́ fún un. Nígbà tí n ò gbọ́ nǹkan kan, mo gbóhùn sókè.

"Àkànjí, ọmọ Alákétu. Òtútù ló pa ọ́, kì í ṣe ọta ìbọn."

Fọlákẹ́ di apá mi mú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Moment of silence ni wọ́n ń ṣe."

Mo tún pè é. Alága rò pé àdúrà ni, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì gbé wáìnì wá.

Fọlákẹ́ ń wa mọ́tò gbé wa lọ sílé lórí freeway, ọ̀nà márosẹ̀ wọn. Ó wá rọra béèrè pé, "Bàbá, ta ni Àkànjí? Báwo ló ṣe rí?"

Mo sọ ẹni tó jẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí, n ò lè sọ. Oríkì rẹ̀ nìkan ló kù sí mi lẹ́nu. Mi ò rántí ojú rẹ̀ mọ́.