Ẹni Kẹta Nínú Kòtò Iperindo

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú fo àṣìṣe mi. Kíláàsì kẹrin ni mo ti kúrò ní sùkúù, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Òórùn yíǹkì ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láàárọ̀ Sátidé nílé wa ní Òkè Baálẹ̀, kí n tó gbọ́ ti àkàrà ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Oníròyìn, á ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa fa ìlà sí ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó ti ṣe akọ̀ròyìn pẹ́, kẹ̀kẹ́ ló fi ń wá ìròyìn láti Òṣogbo dé Iléṣà, kí yunifásítì tó ní kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ náà. Ó máa ń sọ pé, "Ẹsẹ̀ ni akọ̀ròyìn fi ń kọ̀wé; gègé kàn ń tẹ̀lé e ni."

Mi ò tíì rí olùkọ́ bíi tirẹ̀. Bí ọlidé bá dé, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wà nítòsí á wá fi Yorùbá ka ìròyìn tó kọ sétí èmi tí mò ń bó ẹ̀gúsí. Bọ̀dá kan láti Iléṣà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ṣé ọmọ ẹlẹ́gùúsí yìí ló máa fún mi ní máàkì, sà?"

Bàbá ní, "Òun ni. Ohun tí kò bá yé Sàfù, kò tíì yé ìwọ tó o kọ ọ́."

Kòtò tó wó lé àwọn tó ń wa góòlù ní Iperindo ni bọ̀dá náà kọ nípa rẹ̀. Ó ní èèyàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Wọ́n fa méjì yọ. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàpèjúwe àwọ̀ ilẹ̀ àti omi, ó dùn débi pé Bàbá fúnra rẹ̀ ń mi orí. Mò ń retí ẹni kẹta. Kò dé.

"Sàfù, ó yé ọ?"

Ojú tì mí. Mo ní, "Ó yé mi, Bàbá."

Bàbá ní òun á fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn ní Mọ́ńdè. Mi ò lè jẹun ọ̀sán. Mò ń ro ìyá ẹni kẹta náà, pé wọ́n á kà á sí i létí, kò sì ní gbọ́ bóyá ọmọ òun yè tàbí ó kú.

Mo ti lọ́kọ báyìí, mò ń tajà ní Alekuwodo. Síbẹ̀, bí èèyàn mẹ́ta bá jọ wò mí, ojú á tì mí bíi ti ìgbà yẹn. Àmọ́ mi ò sọ pé ó yé mi mọ́, tí kò bá yé mi. Bọ̀dá yẹn ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Bàbá dá òun padà sí Iperindo, òun sì bá ẹni kẹta láàyè. Ẹni kẹta náà ti jáde lọ bu omi kí kòtò tó wó. Òun gan-an ló fi ọwọ́ lásán wa àwọn méjì yòókù yọ. Títí di òní, Bàbá ṣì ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun pé, "Ẹni kẹta dà?"

Kò bi mí rí pé ta ló rán òun létí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí bọ̀dá yẹn ka ìròyìn rẹ̀, kí Bàbá tó jí, mo fa ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́ta yọ, mo tò wọ́n sórí ìwé ìròyìn Iperindo náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan lọ́tọ̀. Mo sì jáde lọ gbálẹ̀.